Àyálégbé Mi Tó Ń Kan Tábìlì

Bí oníbàárà bá fi ìka kan tábìlì mi n'Íkàrẹ́ báyìí, àyálégbé mi kan ni mo máa ń rántí. Ọmọbìnrin Ọ̀kà ni, ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àkùngbá. Nítorí iná sólà mi ló ṣe máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rọ́bà mi. Kó tó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, á kọ́kọ́ kan tábìlì, bí ìyàwó tuntun tó fẹ́ wọ yàrá ìyá ọkọ.

"Ilẹ̀kùn ta lò ń kàn?" mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ti dátábéèsì ni, Mọ̀mí, ibi tí mo kó gbogbo orúkọ pamọ́ sí."

Ó ní ìránṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ àṣejáde òun tó ń lọ kó orúkọ wá níbẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń júwe ilé, ẹnu ọ̀nà àti páswọ́ọ̀dù fún un. Bí ìlà yẹn bá ṣì, á padà lọ́wọ́ òfo. Bí dátábéèsì náà kò bá sì ṣí lójú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́la, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó jáde.

"Ó ti fẹ́ gbà," ló máa ń wí. Á tún ìlà kọ, á kàn, á tẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

"Ìránṣẹ́ rẹ ti ṣìnà dé Ẹ̀pìnmì," mo ní. "Sọ fún un kó bá mi ra iṣu bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ẹ̀rín tán, omijé ò tán. Èmi tí mo máa ń fẹnu lé agbèrò sá ní garéèjì, ẹnu mi ò ran kọ̀ǹpútà.

Ó tún ìlà náà kọ. "Ó ti fẹ́ gbà, Mọ̀mí."

Mo nawọ́, mo bá a kan tábìlì.