Adétutù, Ẹni tí Ó Ń Fi Ahọ́n Mọ Odò

Nínú àwọn ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa lábẹ́ òṣùpá, ẹni tí ó bá ní ẹ̀bùn, ẹ̀bùn náà a gbé e dé ààfin. Ẹ̀bùn Adétutù kò gbé e dé ààfin kankan. Etí odò ló gbé e lọ, níbẹ̀ ló ti nawọ́ sí ohun tí ó pa wá lára.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ó jẹ́ obìnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n "ọkọ mi" ni mo ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní ìyàwó, títí eyín fi tán lẹ́nu àwa méjèèjì.

Ìletò wa wà létí òkun lọ́nà Etikan, ilé orí òpó bí ogún. Òkun ń bẹ níwájú, odò ń bẹ lẹ́yìn, iyanrìn tín-ínrín ló là wọ́n láàárín. Omi odò yẹn la ń mu. Ó pọ́n bí omi tí a fi rẹ èèpo igi, ó sì dùn, ìtọ́wò èèpo náà a máa wà lẹ́nu. Bí o bá bu omi igbá mẹ́ta síwájú Adétutù, á tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí, ìdí ògùrọ̀ ló ti wá. Èyí, ọ̀nà Mahintedo ni. Èyí ńkọ́, ta ló fọ ìkòkò ẹja sí i?" A óò bú sẹ́rìn-ín.

Ní ìdílé wọn, ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ láìgbé akèrègbè omi odò ìyá rẹ̀ dání. Yóò dà á sínú àmù ilé ọkọ, yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, kí ọ̀fun rẹ̀ lè gba ilé náà. Ìyá Adétutù ṣe é fún un. Nígbà tí ọkọ Adétutù kú, ó padà sílé pẹ̀lú Veronica, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Òun a máa wí pé, "Ọjọ́ tí mo bá gbé akèrègbè yìí lé Veronica lọ́wọ́, iṣẹ́ mi parí láyé."

Ọdún tí wọ́n gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa, tí wọ́n fún wa ní náírà, ni àwọn elépo rọ̀bì dé. Ọlálẹ́yẹ, ọmọ ọ̀nà Ìbàdàn, ni ó ń gbẹnu sọ fún wọn. Ó wọ inú ọkọ̀ wa, ó di etí ọkọ̀ mú bí ológbò tí ó já sómi.

Ó sọ fún Adétutù pé, "Ìyá, wọ́n sọ fún wa pé ẹ lè fi ẹnu mọ ibi tí òkun ti sún mọ́ odò jù."

"Ta ni ìyá ẹ? Mo ti gbó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, àǹtí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyàwó, wa ọkọ̀."

Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Adétutù ń bu omi, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tu ú dànù, títí a fi dé ibì kan. Ó ní, "Níhìn-ín. Iyọ̀ ń yọ́ gba inú iyanrìn wá. Ilẹ̀ ibí fẹ́lẹ́ bí awọ ẹyin." Ọlálẹ́yẹ ri igi kan mọ́lẹ̀, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Wọ́n fún wa ní páànù bísíkíìtì kan, a sì ń kọrin bọ̀ wálé.

A kò béèrè ohun tí igi náà wà fún. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá béèrè ọ̀rọ̀ omi, èèyàn á fi hàn án ni. Èrò wa ni pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ ti pọn omi mímu.

Oṣù kejì, ọkọ̀ eléyín irin dé. Ibi igi aláṣọ pupa gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, kí ọkọ̀ elépo lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Òkun wọlé. Ẹja léfòó. Ògùrọ̀ kú lóòró. Àràárọ̀ ni Adétutù ń lọ tọ́ omi wò. Ní àárọ̀ kan, kò tu ú dànù. Ó há a sẹ́nu títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, èmi ni mo fi ilẹ̀kùn hàn wọ́n."

"Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ wa ilẹ̀ ni?"

"Ahọ́n mi ni."

Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ, àfi òní.

Ọdún kẹta rẹ̀ ni tíṣà kan láti Ode Mahin, Pius, wá tọrọ Veronica. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, Adétutù gbé akèrègbè sínú ọkọ̀, ó ní kí n bá òun wá omi dídùn. Ọjọ́ méjì la fi wa ọkọ̀. Gbogbo ẹnu odò tí a dé, á bù ú, á mi orí: "Iyọ̀." Ìgbà tí a kọjá Mahintedo dáadáa, ó bu omi kan, ojú rẹ̀ tú ká.

Mo ní, "Ó dùn? Ẹ bù ú, ẹ bù ú!"

Ó há a sẹ́nu pẹ́. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n."

Òfìfo akèrègbè la gbé padà. Omi odò wa, pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, ló bù kún un.

Ní Ode Mahin, Veronica da omi náà sínú àmù, wọ́n sì bù ú fún un mu. Ìyá Pius, Rhoda, tọ́ díẹ̀ wò, ó fa ojú ro. "Àna wa, ṣé ẹ fẹ́ kí a fi èyí se ẹja ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adétutù wo ilẹ̀.

Veronica mu ún tán, ó pọ́n ètè rẹ̀ lá, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyé, èèpo igi yẹn ṣì wà lábẹ́ iyọ̀."

Adétutù gbé orí sókè. "Ó ṣì wà?"

"Ó wà, Ìyé."

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí Veronica bá wá kí i, kò tíì ní sọ ẹrù kalẹ̀ tí ìyá rẹ̀ á ti fà á lọ sétí omi. "Tọ́ ọ wò fún mi. Ó ṣì wà?" Veronica á bù ú. "Ó wà." Bẹ́ẹ̀ ni títí ìyá náà fi kú, nígbà tí ojú kànáàlì, ọ̀nà omi tí àwọn elépo wà, ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn kò dé òdìkejì mọ́.

N kò bi Veronica bóyá òótọ́ ló ń sọ. Èmi náà ti lọ bù ú, mo há a sẹ́nu pẹ́ bí Adétutù ti máa ń ṣe. Iyọ̀ nìkan ló wà lẹ́nu mi. Síbẹ̀, bí mo bá kọjá níbẹ̀, mo ṣì ń bù ú.