Ẹni tó kọ ebè fún mi lónìí

Láàárọ̀ yìí, ọmọkùnrin kan gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi lóko wa n'Ígèdè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

Dàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Tósìn, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló mú un wá. Iléèwé kan náà ni wọ́n wà l'Ádó.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi."

Tósìn yarí. "Bàbá, ọ̀rẹ́ lásán ni wá. Ẹ jẹ́ n parí ìwé mi ná."

Mo ní nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ ebè fún bàbá ọmọbìnrin ti sọ ohun tó ń wá.

"Ọmọ Èkó ni, Bàbá, kò mọ̀yẹn. Ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní n ò gbà á.

Dàpọ̀ ò dáwọ́ ebè dúró. "Mo mọ̀, Tósìn. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó wá. Èmi ò lè ṣe ìfẹ́ tí wọn ò mọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n parí ìwé ẹ, mi ò kánjú."

Nígbà tó yá, Tósìn bu omi lọ fún un.

Tósìn náà ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù, kò sì tíì pa ọ̀rọ̀ àna yẹn rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n ṣì máa pe Dàpọ̀ ní àna?