Òjé, Irin àti Àgbọ̀nrín Oko Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Ìwó, tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ń ta òkòtó lẹ́yìn ilé kéú, ìdí ààrò lèmi ń wà, tí mò ń yọ́ òjé fún ìbọn bàbá mi. Àkàrà tí mo fi ń jẹ ẹ̀kọ pàápàá a máa gbóòórùn èéfín. Ìyá mi á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni yóò fẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú yẹn?" Èmi á rẹ́rìn-ín, n ó sì tún koná.

Ẹ rántí bó ṣe rí ládùúgbò wa: ẹran ìgbẹ́ tó bá kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkúǹbete ni, ajá ló ni ín. Ó gbọ́dọ̀ ṣubú nítòsí, kó ṣì máa mí, kí ọdẹ lè ṣe bísímílà kó sì dú u.

Lọ́dún kan, àgbọ̀nrín fẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀wà wa tán lóko ọ̀nà Kuta. Gbogbo èyí tí bàbá mi bá yìnbọn lù ló ń sá wọgbó. Ìgbà tí a bá fi rí i, ó ti kú. Bàbá Làmídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bá dá ẹjọ́: "Ọwọ́ obìnrin ti ba ọta jẹ́. Kí ọmọ yìí kúrò nídìí ààrò, kó lọ máa kiri gàrí." Háà! Inú bí mi, mi ò jẹun.

Ṣùgbọ́n mo ti rí òjé tí wọ́n yọ lára ẹran. Ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì sórí eegun apá, kò wọlé rárá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ mi kọ́. Òjé yìí ló rọ̀ jù, ẹ̀tù ìbọn náà sì ti gba ọ̀rinrin, kò lágbára tó máa fi tì í."

Bàbá Làmídì ní, "Ẹ ò gbọ́ ẹnu ọmọdé!" Mi ò kúrò níbẹ̀.

Bàbá mi ní ká dán an wò. Wọ́n so eegun apá ewúrẹ́ mọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀tù tútù, òjé kàn lẹ̀ mọ́ eegun ni. Nígbà tí wọ́n sá ẹ̀tù gbẹ, òjé fọ́ eegun, ṣùgbọ́n ó tẹ́, kò jìnnà nínú ìtì. Wọ́n wá ki irin róbótó tí wọ́n yọ nínú kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́. Ó fọ́ eegun, ó la ìtì kọjá fáú.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àgbọ̀nrín ṣubú sórí ebè. Ó ṣì ń ta ẹsẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ bàbá mi dé ọrùn rẹ̀. Bàbá Làmídì jẹ nínú ẹran náà, wọ́n tún ní ká bu ọbẹ̀ kún un. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ gàrí fún mi.

Lóde òní, kátíríìjì làwọn ọ̀dọ́ ń rà, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ sígbó Olúpọ̀nnà. Ọta wọn yára ju tiwa lọ fíìfíì, mo gbà fún wọn. Ẹnu wọn nìkan ni kò yí padà. Níbi ìpàdé ọdẹ, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ lọ bá àwọn ìyàwó wa nídìí ọbẹ̀." Èmi tí mo jogún ìbọn bàbá mi, tí mo sì gbàwé àṣẹ rẹ̀! Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, ọmọ mi obìnrin á sì jókòó tì mí. Ẹni tínú bá ń bí, kó dìde lọ.