Ilé Ìdáná Tí Ó-Ku-Díẹ̀ Yà

Káfíńtà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Bí o bá gbé iṣẹ́ àga fún un lóṣù kìíní, tí o wá a lọ lóṣù kẹta, yóò kọ́kọ́ gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbọn eruku pákó kúrò lápá, yóò rẹ́rìn-ín sí ọ títí ìbínú rẹ á fi rọ̀, ìgbà náà ni yóò tó wí pé, "Ó ku díẹ̀." Kì í ṣe pé ó ń parọ́ o. Lọ́kàn tirẹ̀, ó máa ń ku díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tirẹ̀ àti díẹ̀ ẹni tí kò rí àga jókòó nílé, wọn kì í ṣọmọ ìyá.

Ẹni tí díẹ̀ yìí pẹ́ fún jù lọ ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ló ti ṣèlérí ilé ìdáná fún un: tábìlì gígùn lábẹ́ fèrèsé, kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì fún ìkòkò, ibi tí èèyàn á ti dúró dáná láìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. Ohun kan ṣoṣo tó tíì kàn síbẹ̀ ni pẹpẹ kan lára ògiri, ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọn ló kàn án, gíga ara rẹ̀ ló sì fi wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin gàgàrà ni. Ìyàwó rẹ̀ kò ga ju àyà rẹ̀ lọ. Orí àpótí ìjókòó ni obìnrin náà máa ń gùn kó tó lè mú ohunkóhun lórí pẹpẹ yẹn. Nígbà tó yá, ó sú u, ó fi pẹpẹ sílẹ̀ fún eruku.

Ó ti di ọdún méjì báyìí tí ìyàwó náà ti lọ bá ọmọbìnrin wọn tọ́jú ọmọ nílùú tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń débẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n pè é. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún, ọmọ tó lọ gbé ní jòjòló sì ti ń sáré káàkiri ilé. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ Ó-Ku-Díẹ̀ gan-an. Lówùúrọ̀, yóò bu omi sínú ife méjì kó tó rántí pé òun nìkan ló wà. Yóò wá mu méjèèjì, nítorí kò fẹ́ da ìkejì nù.

"Àjò kì í dùn kó dùn, kí onílé má relé," ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù tó mú kó gbé oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀.

"Bàbá wọn, àwọn ọmọ yìí ní kí n kúkú jókòó sọ́dọ̀ àwọn pátápátá. Wọ́n ní kí n fún àwọn lésì kí oṣù yìí tó parí."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"N ò tíì sọ nǹkan kan. Níbí, mo ń dúró dáná ni. Ìbàdí ò dùn mí mọ́. Ṣé kí n tún wálé wá máa bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Màá kàn án fún ẹ. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni màá kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ẹ má kàn án o, kẹ́ ẹ má tún lọ kàn án mọ́ àjà. Ẹ yà á ná, kí n rí i. Tí mo bá fojú ara mi rí i, màá mọ ohun tí màá sọ fún wọn."

Ó-Ku-Díẹ̀ yà á bí káfíńtà ṣe ń yà á: ó fi rúlà fa iwájú rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, òkè rẹ̀ lọ́tọ̀, ó kọ ìwọ̀n sí gbogbo rẹ̀ lára. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: "Bàbá wọn, ṣé páálí tí mọ́tò tẹ̀ rẹ́ lèyí ni?"

Orí bébà yìí ni Tíṣà bá a. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà níléèwé ni Tíṣà, pẹpẹ ìwé rẹ̀ sì ti ku díẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ìjà ló bá wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó rí ojú bàbá náà, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ìjà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ parí pẹpẹ mi, màá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa yà á, tó fi máa dà bíi pé èèyàn lè wọ inú ẹ̀ lọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi parí pẹpẹ ìwé náà. Àwọn ará àdúgbò ń yọjú wò ó bí ẹni wo ọmọ tuntun.

Bí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ṣe di ọmọ iléèwé nìyẹn. Páálí ìṣáná ni Tíṣà kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún un. Ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rúlà. Ọkùnrin tó lè fi ayùn la pákó gbọọrọ láìyẹ̀, ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n lórí bébà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. "Gbogbo apá ni kẹ́ ẹ fi fà á, Bàbá, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ tó lọ." Ó fà á, fà á, bébà tán. Ó bọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìyẹn náà tán. Ó bọ́ sórí pákó. Oníbàárà kan gbé àga délé, ó dojú rẹ̀ dé, ó bá àwòrán páálí ìṣáná mọ́kàndínlógún nídìí rẹ̀.

Nígbà tó yá, àpótí pákó kan tí òun fúnra rẹ̀ kàn ni Tíṣà ní kó yà; ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Tíṣà ní kó yà á kó kéré ju ti iwájú lọ. Ó-Ku-Díẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Èmi ni mo kàn án." Ó tilẹ̀ fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀.

"Mo gbà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kàn án. Ẹ wá di ojú kan, ẹ na pẹ́ńsù síwájú yín, ẹ fi wọ̀n ọ́n láti ibi tí ẹ dúró sí."

Ó di ojú kan, ó na pẹ́ńsù, ó fi àtàǹpàkò sàmì sí i. Ti ọ̀ọ́kán kéré. Ó tún un wọ̀n, ó ṣì kéré. "Àṣé ojú ń parọ́ báyìí," ló wí.

"Ojú ò parọ́. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń sọ fún yín."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti orí àpótí, wọ́n dé orí ife, Ó-Ku-Díẹ̀ sì wá mọ̀ pé ẹnu ife kì í rí róbótó bí kò ṣe pé èèyàn dúró lé e lórí gan-an. Bí ẹyin ló ń rí lójú ẹni tó jókòó tì í. Ó kọ́ òfin kan tí Tíṣà ń tún sọ lójoojúmọ́: ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ojú ẹ, òkè rẹ̀ lo máa rí, ohun tó bá ga ju ojú ẹ lọ, abẹ́ rẹ̀ lo máa rí. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù parí, ó ya odindi ilé ìdáná náà, ó gbé e lọ bá Tíṣà.

Tíṣà wò ó títí. "Bàbá, ó dáa. Àmọ́ ojú ta lẹ fi wò ó?"

"Ojú tèmi."

"Ta ló máa dáná níbẹ̀?"

Ó-Ku-Díẹ̀ ká bébà rẹ̀, ó lọ sílé. Lára férémù ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, àmì kan wà níbẹ̀, dúdú, ó ń dán. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé orí tì nígbà tó bá ń dúró de omi kó hó, òróró irun rẹ̀ ló dà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí àmì náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún kúrò. Lọ́jọ́ náà, ó fi ìka wọ̀n ọ́n wá sísàlẹ̀ díẹ̀, síbi tí ojú obìnrin náà máa wà. Ó gbé àpótí ìjókòó tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gùn wá síbẹ̀, ó jókòó lé e, ojú rẹ̀ sì ṣe déédéé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá wo ilé ìdáná.

Pẹpẹ ló kọ́kọ́ rí, abẹ́ rẹ̀ ló sì rí. Nígbà tó ń kàn án lọ́jọ́sí, òkè nìkan ló fá. Ta ní ń wo abẹ́ pẹpẹ? Pákó náà rí ṣákaṣàka, ìṣó mẹ́ta yọ ẹnu síta lára rẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń wò láràárọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó rìnrìn àjò nìyẹn. Ojú ti Ó-Ku-Díẹ̀ níbi tó jókòó sí, kò sì sẹ́nì kankan nílé tó ń wò ó.

Nígbà tó dìde, ojú tirẹ̀ ga ju pẹpẹ lọ. Nǹkan róbótó kan wà lórí pẹpẹ náà, eruku ti bò ó. Ó fọwọ́ nù ún. Ìdérí ìkòkò ni, èyí tí etí rẹ̀ ti tẹ̀ níbì kan. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti sọnù mọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó wá a títí, ó fi ẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀ pé òun ló fi po gọ́ọ̀mù, ọkọ sì búra pé òun ò rí i rí. Ó wá rántí báyìí: ọjọ́ kan tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, òun ló bá a fọ ìkòkò, ó sì gbé ìdérí síbi tí ọwọ́ tòun dé. Ká ní ó yí ọrùn lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọdún mẹ́sàn-án, ì bá rí i.

Ó tún padà jókòó sórí àpótí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun kan nínú àwòrán náà tí èèyàn kò rí òkè rẹ̀. Tábìlì nasẹ̀ lọ sábẹ́ fèrèsé, ó ń kéré lọ bó ṣe ń jìnnà. Ìdérí ìkòkò wà lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ rí bí ẹyin, etí rẹ̀ tẹ̀ níbì kan. Tíṣà ló bá a ya fọ́tò rẹ̀ tó fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kan kọjá, èsì ò dé. Ọjọ́ kejì náà kọjá. Kò lè ṣiṣẹ́, ó kàn ń ti ìfági síwá sẹ́yìn lórí pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí oṣù parí ni fóònù dún.

"Bàbá wọn." Ohùn ìyàwó rẹ̀ rọ̀. "Ṣé ìdérí mi nìyẹn?"

"Òun ni."

"Níbo ló wà?"

"Orí pẹpẹ. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo jókòó síbi tí o máa ń dúró sí. Mo rí abẹ́ pẹpẹ yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó-Ku-Díẹ̀ ń gbọ́ ohùn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Mo ní tí ọmọ yìí bá ti wọ iléèwé, màá máa bọ̀ nílé. Ẹ máa kàn án lọ. Kẹ́ ẹ má sì fi ìdérí mi po gọ́ọ̀mù o."

"Ìgbà wo ló máa wọ iléèwé?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá wọn."

Ó-Ku-Díẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ayé, ọjọ́ náà ni ẹnì kan kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, ó sì dùn ún wọ eegun. Ó mú pákó tó fẹ́ fi ṣe tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá abẹ́ rẹ̀.