Ìkòkò Irin tó Fúyẹ́

Ǹjẹ́ ẹ ti gbóòórùn òtútù rí? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣe olórí yàrá yìnyín nílé iṣẹ́ ẹja dídì ní Ọ̀rẹ́gùn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí èmi, yóò mọ̀ pé òtútù ní òórùn tirẹ̀: ó dà bí irin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó sì máa ń ta nímú bí ata. Òórùn yẹn gan-an ni n kò gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkòkò irin kan láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Agége. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wọn nìkan ló gba gbogbo yàrá kan.

Inú ìkòkò náà ni ìwòsàn wà, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí: sẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n tọ́jú lókè òkun, tí wọn yóò gún sínú ọ̀pá ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí. Òkìtì páálí ẹja ló wó lé e nínú yàrá yìnyín tí mo jẹ́ olórí rẹ̀. Ó já fọ́nrán inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n bá wọn gba ẹrù náà, nítorí pé mo mọ òtútù. Náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ ju ti yìnyín lọ fíìfíì, ni ó ń pa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ́ láàyè. Bí ó bá gbẹ nínú ìkòkò, wọ́n ti kú nìyẹn.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í fọwọ́ sí ìwé ẹrù tútù láìkọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo yá òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. Ìwọ̀n tó yẹ kí ìkòkò náà ní wà nínú ìwé tó tẹ̀lé e. Èyí tí a rí fúyẹ́ jù ú lọ púpọ̀. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, ìhà kan ti ha yánnayànna. Ohun tó yẹ kó wà ní òòró ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja nílé ìkẹ́rùsí, tí náítírójìn inú rẹ̀ fi bá afẹ́fẹ́ lọ.

“Dókítà, èyí ti yọ́.”

Dókítà náà kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí. Kò tilẹ̀ wo òṣùwọ̀n. “Bàbá ẹlẹ́ja, ẹ ṣé o. Ẹja lẹ mọ̀. Ènìyàn kì í ṣe ẹja. Ẹ fọwọ́ síwèé, ká ríṣẹ́ ṣe.”

Mo nàka sí òṣùwọ̀n. “Ẹja tó bá yọ́ pàápàá, a kì í tún un dì tà fọ́mọ ènìyàn. Òkú sẹ́ẹ̀lì lo fẹ́ gún sẹ́yìn ẹni ẹlẹ́ni?”

Ibi tí mo ti ń retí ìtìlẹ́yìn ni ọfà ti wá. Ìyàwó ọkùnrin náà dìde sí mi. “Àlàájì, ẹ̀yin lẹ rán an wọ yàrá yẹn lọ́jọ́sí! Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé bó bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi rìn lọ fẹjọ́ yín sùn?”

Èmi ni mo rán an lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún mi. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti kú, èmi náà ti kú dé ìbàdí. Ẹ jẹ́ kí òkú bá òkú gbé.”

Ó yẹ kí n jókòó tì í nígbà náà. Ṣùgbọ́n “bàbá ẹlẹ́ja” ṣì ń dún létí mi. Mo ṣí ìdérí ìkòkò náà níṣojú gbogbo wọn. Èéfín funfun tó yẹ kó ru jáde kò ru. Mo ki ọwọ́ mi lásán bọ inú rẹ̀. Bí náítírójìn bá wà níbẹ̀ ni, ara ọwọ́ náà ì bá bó bí èèpo iṣu. Mo fa ìgò kékeré kan yọ, mo mì ín sétí dókítà. “Gbọ́! Omi ni!” Mo sì rẹ́rìn-ín. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ̀rín yẹn ni ọkùnrin náà ń wò, kì í ṣe ìgò. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà: òtítọ́ ni mo sọ, n kò sì kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọwọ́ òsì bá na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún a fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi na ẹni tí n kò tíì fà mọ́ra láti ọjọ́ tí páálí ti wó lé e. Dókítà ni mo fẹ́ dójú tì. Orí ẹni tí ìrètí rẹ̀ wà nínú ìgò ni ìtìjú náà bọ́ sí.

Wọn kò gún un lábẹ́rẹ́ náà, ìkòkò mìíràn kò sì dé. Ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní Abúlé Ẹ̀gbá títí di òní, ó sì ti ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí n wọlé.