Sister Gbémi àti Òwìwí Norfolk

Ẹni tó bá mọ Sister Gbéminíyì Ọláoyè ní Duncanville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, mọ̀ pé obìnrin náà kì í bẹ̀rù. Nígbà tí fèrè ìjì bá ń ké ní Dallas, tí gbogbo wa ti kó ara wa sínú kọ́lọ́bọ́ ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìrọ̀rí, Sister Gbémi á ṣì dúró nídìí sítóòfù. Á ní ìjì kò tó ohun tí dòdò òun á tìtorí rẹ̀ jóná.

Nọ́ọ̀sì ni wá, èmi àti òun, ní ọsibítù kan ní Irving, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ jòjòló tí oṣù wọn kò pé. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Òun ló sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tí n kò mọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Túndùn, ẹnu ẹ ò lókùn," àmọ́ bí mo bá dákẹ́ lọ́nà, á bi mí bóyá ara mi ò yá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ Jọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Dallas ni wọ́n bí Jọlá sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi ń dáni lóhùn. Nígbà tó wọ fásitì, gbogbo wa ló ti ń pè é ní dókítà kó tó di dókítà. Àfi bó ṣe parí tó ní òun ń lọ sí ìlú Ọba, sí àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Norfolk, láti lọ kọ́ nípa òwìwí. Òwìwí o! Ẹyẹ tó jẹ́ pé bó bá ké lórí òrùlé nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo agboolé ló ń jí gbàdúrà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá béèrè ọmọ yẹn lọ́wọ́ Sister Gbémi ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ó wà ní England, ó ń ṣe Biology. Medical school ló kàn." Irọ́ ni. Èmi tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, òkè àjà ni mo máa ń wò.

Nígbà tí oṣù Kẹfà mú, Jọlá pè. Ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo òwìwí fẹ́ gba òun síṣẹ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Ó ní kí ìyá òun wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun ṣáájú ọjọ́ náà, kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí òun ń ṣe, kó sì gbàdúrà fún òun kí òun tó wọlé tọ̀ wọ́n.

Sister Gbémi gbé fóònù kalẹ̀, ó kọjú sí mi. "Túndùn, lọ gba vacation. À ń lọ mú ọmọ mi wálé."

Ó ti bá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ ní Dallas, wọ́n sì ti ní àyè wà fún Jọlá. Ohun tó kù ni kí òun àti ọmọ náà jókòó, kó fi ọ̀rọ̀ ìyá bá a sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ pé àwa mẹ́ta la máa bọ́ sílẹ̀ ní DFW, pápákọ̀ òfuurufú Dallas. Ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ tún bẹ́ẹ̀dì Jọlá ṣe, tó ra bẹ́ẹ̀dṣíìtì tuntun sí i.

Kí n má parọ́, ìsinmi náà dùn. Jọlá ti gba ilé kékeré kan fún wa létí òkun. Ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ wo àwọn ẹran òkun kan tí wọ́n ń pè ní síìlì. Wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n sì sùn kalẹ̀ lórí iyanrìn bí àpò gaàrí tó jábọ́ lórí ọkọ̀. Sister Gbémi wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ò níṣẹ́ ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àní àwọn tí kò gbọ́ ohun tó sọ.

Àwọn Òyìnbó ibẹ̀ kì í sá fún òjò. Wọ́n á tẹ́ nǹkan sórí koríko tútù, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì, òjò á sì máa rọ̀ sínú tíì wọn. Àwa gbé kúlà ìrẹsì tiwa wá, a sì jókòó tì wọ́n, nítorí a kì í ṣe ojo. Ibẹ̀ la ti rí lékeléke kan nínú ẹrẹ̀. Èmi àti Sister Gbémi na ìka ọwọ́ wa méjèèjì sí i bí ọmọdé, pé kó fún wa ní èékánná funfun. Jọlá fi fóònù ya wá, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ yìí á yanjú.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, Jọlá mú wa lọ sí etí irà kan. Ahéré onígi wà níbẹ̀ tó ní fèrèsé gbọọrọ, inú rẹ̀ làwọn èèyàn ń jókòó sí láti ṣọ́ ẹyẹ. Kí a tó wọlé, Jọlá dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mommy, please, no talking in there," ó ní. "Auntie Túndùn, especially you."

Bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ahéré náà, pẹ̀lú awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Jọlá sọ fún wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé láti ọ̀sán ni wọ́n ti jókòó, torí òwìwí tí àwa náà wá wò. A jókòó tì wọ́n. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Ìgbà tó yá, ó dé. Ó funfun, kò sì dún rárá bó ṣe ń fò. Ó bà sórí òpó ọgbà tó wà níwájú fèrèsé gan-an, ó yí orí rẹ̀ nìkan láìyí ara, ó sì tẹjú mọ́ Sister Gbémi. Jọlá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. Bàbá Òyìnbó yẹn ń tún awò rẹ̀ ṣe lọ́wọ́.

Sister Gbémi dìde fùú. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹyẹkẹ́yẹ tí wọ́n bá rán sí ọmọ mi, padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ! Padà! Iná!"

Ẹnu mi ti ṣe "Àmín!" kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu. Àmín náà sì lágbára, irú èyí tí à ń ṣe ní ìsọ́ òru.

Ẹyẹ náà padà lóòótọ́. Ó gba orí irà lọ, a kò sì rí i mọ́. Bàbá yẹn kò bínú sí wa, ó kàn dé ìdérí awò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Oh dear." Jọlá bẹ gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wa ọkọ̀ gbé wa padà sílé.

Nígbà tí a délé ló tó sọ̀rọ̀. "You came all this way to pray against my job."

"Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ ni mo gbàdúrà lé lórí," ìyá rẹ̀ ní. "Ẹyẹ yẹn ni."

"Mommy, the bird is the job."

Jọlá jókòó sórí àga, ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Okay. You win," ó ní. "I can't start something my own mother is praying against. I'll tell them no. I'll come home and do the nursing." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó tì í gbàgà.

Ohun tí a tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Mo ń wo Sister Gbémi bóyá á yọ̀. Kò yọ̀.

"Ẹ ti borí, Sister," ni mo wí.

"Túndùn, pa ẹnu ẹ mọ́."

Mo pa á mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tún sọ̀rọ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí àdúrà mi. Ọmọ tí wọ́n bí sí Dallas! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ti gba iṣẹ́ náà, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo wá fi dè é lọ́wọ́." Ó sunkún, mo sì jókòó tì í.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Sister Gbémi ti wọ bàtà. Ó kan ilẹ̀kùn Jọlá. "Dìde, mú mi lọ síbi tí àwọn ọmọ òwìwí yẹn wà."

Ọ̀gá Jọlá, arúgbó kan tí ìjọba fún ní àṣẹ láti fọwọ́ kan àwọn ẹyẹ náà, pàdé wa ní abà àgbẹ̀ kan. Ó gun àkàbà, ó sì gbé àwọn ọmọ òwìwí sọ̀kalẹ̀ láti inú àpótí tí wọ́n kàn mọ́ òkè àjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, wọn ò rẹwà. Ìhùùhù lásán ni wọ́n, ikùn gbàǹgbà, wọ́n sì ń hó bí ìkòkò tí omi rẹ̀ ń gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn kéré, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró.

Sister Gbémi nu ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́, ó sì na ọwọ́ náà síta. Jọlá wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá mi orí, Jọlá sì gbé èyí tó kéré náà fún ìyá rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á lábẹ́, ó fi ìkejì bò ó, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé àwọn ọmọ wa ní Irving. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí mímí ọmọ ẹyẹ náà fi balẹ̀.

"Kí ló dé tí èyí kéré báyìí?"

"He hatched last, Mommy. The big ones eat first."

"Kí lẹ wá ń ṣe fún irú ẹ̀?"

Jọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ìyá rẹ̀ sì ń bi í léèrè bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bi nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iṣẹ́. Àwọn wo ló ń kú? Kí ló ń pa wọ́n? Ta ló ń padà wá wò wọ́n? N kò tíì rí i kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà dópin bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a ń padà, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Má tíì sọ nǹkan kan fún àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ yẹn."

Àwa méjì la padà sí Dallas. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ní, "Túndùn, ẹ̀rù ẹyẹ yẹn ṣì ń bà mí o. Ojú ẹ̀ yẹn."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ọjọ́ tí wọn yóò fọ̀rọ̀ wá Jọlá lẹ́nu wò pé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀, a wà nínú ọkọ̀ ní páàkì ọsibítù, nígbà tí fóònù dún.

"Mommy, they're about to call me in," ni Jọlá wí. "I can still tell them no."

Sister Gbémi pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. N kò mọ èyí tó máa sọ.

"Jọlá, kúnlẹ̀."

"Mommy, I'm in a hallway."

"Mo ní kúnlẹ̀."

A gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀.

"Ọlọ́run tó dá mi ló dá òwìwí," Sister Gbémi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń le bó ṣe ń lọ. "Jọlá, ọmọ mi, àwọn tó jókòó dè ọ́ nínú yàrá yẹn, ojú rere ni wọn yóò fi wò ọ́. Ibi tí o bá ti wá òwìwí dé, wàá bá a níbẹ̀. Ọmọ wọn kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí ọ, wọn kò ní sá. Òwìwí kò ní wọ́n ọ láyé, ní orúkọ Jésù."

"Amen, Mommy," ni Jọlá wí, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀.

"Má sunkún wọlé tọ̀ wọ́n," ìyá rẹ̀ ní. "Nu ojú rẹ. Wọlé lọ."