Òwú Tó Dagun sí Òsì

Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mò ń rò.

Akaiti ò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ nígbà tí làkúrègbé sọ ọ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Obìnrin tí gbogbo Atiu, erékùṣù wa, mọ̀ pé ó máa ń wa kókò rẹ̀ fúnra rẹ̀! Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká kò, òrùka ìgbéyàwó ò wọlé mọ́, ó sì rù débi pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀. Ilé rẹ̀ ò jìnnà rárá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa obìnrin ti máa ń jókòó ránṣọ, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dúró mí kó tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mereana, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ lọ́kọ, ọkọ náà sì ń mú un lọ sí Niu Silandi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin kì í kọjá òkun láìmú tivaevae dání, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì olódòdó tí a máa ń jókòó rán pọ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Akaiti ń fẹ́ nìyẹn. Ó fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì ránṣọ, bí ọmọ iléèwé.

"Ọlọ́wọ́ òsì, ṣé aṣọ lò ń rán ni àbí àwọ̀n ẹja?" Poko ló ń bi í bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

"Ìwọ tó o lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣebí ẹnu lo fi ń ṣiṣẹ́."

A á rẹ́rìn-ín títí. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, Poko á ká aṣọ náà lọ sílé, ó ní kí òjò má bàa jò sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbéyàwó, a tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní. Akaiti jókòó tì í, ó ń wá òdòdó pupa tó rán sétí rẹ̀. Ẹni tó bá fi òsì ránṣọ, òwú rẹ̀ á dagun sí òsì. Tiwa ń dagun sí ọ̀tún. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Poko, òdòdó mi dà?"

"Òun lò ń wò yẹn."

"Èyí kì í ṣe tèmi. Ọ̀tún ló dagun sí."

Mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

"Akaiti, òwú rẹ dẹ̀ jù," ni Poko wí. "Tí wọ́n bá kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́hùn-ún, ó máa tú. Mo tú u, mo tún un rán ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Ó wá yíjú sí àwa yòókù. "Ẹ̀yin náà mọ̀?"

Èmi ni mo dáhùn. "A ò fẹ́ kẹ́ ẹ sunkún ni, Màmá."

"Ẹ ti sin mí, ẹ tún wá ń bá mi jẹun."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Àánú ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Àánú wo? Ká ní a sọ fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ì bá wá ẹni tó máa bá a fa òwú náà le. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Àwa la jẹ ẹ́ tán.

Ó fẹ́ máa lọ. Ó fi ìgúnpá tẹ ẹní, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún jókòó padà. Poko na ọwọ́ sí i. Akaiti wo ọwọ́ tó tú òwú rẹ̀ yẹn, ó wò ó pẹ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ó dì í mú. Poko gbé e dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a wọ bàtà, ó sì bá a de okùn rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Akaiti wí fún un.

Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń wẹ̀ níhòhò létí òkun, kò pe Poko ní "ẹ" rí. Poko bú sẹ́kún.